Ebi ló ń pa wọ́n: bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe kúrò nínú ilẹ̀ ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú

Màmá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé yẹn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ní omi kànga ń rùn. Wọ́n ní kó lọ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó tún fa omi, ó ní ó ṣì ń rùn, wọ́n ní bóyá ọwọ́ ẹ̀ ni, ṣebí sítóòfù oníkẹrosíìnì ló fi ń se ẹ̀wà. Ìgbà tó wá gbé omi yẹn kalẹ̀ sínú oòrùn, tí ojú omi ń dán bí òṣùmàrè, tí àwọ̀ ń yí kiri lórí ẹ̀, ni bàbá tó ni ilé ìtẹ̀wé lẹ́yìn ilé jáde wá wò ó. Ó ti ìka bọ omi, ó gbé e sí imú, ó dákẹ́. Ó mọ òórùn yẹn dáadáa, owó ẹ̀ ló ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Oṣù January ni. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú, hándíbíìlì ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ pátá, iná ìjọba ò sì ṣeé gbára lé, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ dúró. Táǹkì dísẹ́ẹ̀lì bàbá yìí wà lẹ́yìn ilé, páìpù tó lọ sí ìdí jẹnẹrétọ̀ wọ́n rì í mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń kó bébà wọlé má bàa máa tẹ̀ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀ ti dípẹtà, ó ti ń jò, kò sẹ́ni tó mọ̀ látìgbà wo.

Rárá o, ẹnì kan mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ òun gan-an ni wọ́n fi ṣe olè. Láti bí September ni bàbá ti ń sọ pé dísẹ́ẹ̀lì ń tètè tán, ọmọ tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ ní òun ò mú nǹkan kan, wọ́n lé e lọ ní October. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n rí páìpù tó jò, bàbá ránṣẹ́ pè é, ó fẹnu ara ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì san owó oṣù tó fi jókòó sílé fún un. Mò ń sọ ti ọmọ yìí torí pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà, òun ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Wọ́n pààrọ̀ páìpù, ìyẹn ò pẹ́ rárá. Ilẹ̀ tó ti mu epo ló kù. Kí wọ́n tó pe èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ títọ́jú ilẹ̀ tí epo bà jẹ́, ọkùnrin kan ti wá ta pàùdà kan fún bàbá, ó ní bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí, tó ń jẹ epo ni, òkè òkun ló ti wá, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ilẹ̀ á mọ́. Wọ́n wọ́n ọn kiri bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀, wọ́n bu omi lé e, lọ́jọ́ kẹrìnlá òórùn ti lọ lóòótọ́, bàbá san owó tó kù. Ọmọ yẹn ló mú ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ẹ dé orúnkún, òórùn dísẹ́ẹ̀lì bì wọ́n lójú. Oòrùn ló gbé ti òkè lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ gbóná, bí ẹ bá da epo sílẹ̀ tí ẹ ò fọwọ́ kàn án, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á fẹ́ lọ fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí oníbàárà bá ní òórùn ti lọ, ẹ bi í léèrè pé ibo ló ti gbọ́ òórùn, òkè ni àbí ìsàlẹ̀.

Mi ò sọ pé pàùdà yẹn ayédèrú ni o. Bakitéríà gbígbẹ lè wà láàyè nínú pààlì fún ìgbà pípẹ́, ó sì lè jẹ epo nínú láàbù. Àmọ́ àlejò ló jẹ́ nínú ilẹ̀ Ṣómólú, ó dé bá àwọn onílé tó ti mọ igun gbogbo, ọ̀pọ̀ ìgbà àlejò yẹn á kàn kú dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìbéèrè tó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bi kó tó náwó ni pé ṣé àwọn tó ń jẹ epo ò sí nínú ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ni, tàbí wọ́n wà níbẹ̀ tí nǹkan kan ń dá wọn dúró.

Ohun tí mo fi dáhùn ẹ̀ ò ju ìgò máyónéèsì mẹ́rin lọ. Mo bu ilẹ̀ láti ibi tí ọmọ yẹn gbẹ́, mo pò ó pọ̀ dáadáa, mo pín in. Ìgò kìíní, ilẹ̀ lásán àti omi díẹ̀. Èkejì, ilẹ̀ àti pàùdà yẹn, torí ó ṣì ṣẹ́kù nínú pààlì. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ àti ajílẹ̀ NPK bíntín, kò sí pàùdà. Ẹ̀kẹrin ni mo dé pa, mo sè é nínú ìkòkò pressure ìyàwó mi lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kí gbogbo ohun tó lẹ́mìí nínú ẹ̀ kú, lẹ́yìn náà mo fi ajílẹ̀ kan náà sí i. (Ìkòkò yẹn ò padà sí ilé ìdáná mọ́, mo ra òmíràn, ẹ má bi mí ní iye.) Mo tò wọ́n sórí ṣẹ́ẹ̀fù nínú yàrá tí wọ́n ń kó bébà sí, mo ní kí ọmọ yẹn máa ṣí gbogbo ẹ̀ lójoojúmọ́, kó fi ṣíbí rò wọ́n, ṣíbí ìgò kan ò gbọdọ̀ wọ ìgò kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a bu omi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a gbọ̀n wọ́n, a gbé wọn sójú fèrèsé. Ìgò tí mo sè, epo léfòó sórí ẹ̀, ó ń dán, ó ń rùn bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìkíní àti èkejì, ẹ ò lè fi ìyàtọ̀ sí i, òórùn dín díẹ̀, epo ṣì wà. Ẹ̀kẹta ni kálukú ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Omi ẹ̀ ti funfun bí omídùn, epo tó léfòó ò tó nǹkan mọ́, tí ẹ bá sì gbé e sí imú, òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ló ń mú jáde.

Bàbá gbé ìgò yẹn dání, ó wò ó títí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tí mo sanwó fún ti wà nínú ilẹ̀ mi tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ó ti wà níbẹ̀ sà. Ebi ló ń pa á."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ebi yìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì, káábọ́nù àti háídírójìn ló pọ̀ nínú ẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ nílò náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kó tó lè kọ́ ara ẹ̀, kó sì pín sí méjì, àwọn méjèèjì sì wà nínú NPK. Tí epo bá dà sílẹ̀ lójijì, káábọ́nù á kún ibẹ̀, ìyókù ò ní tó, ó dà bí ẹni tó ń mu gààrí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ikùn kún, ara ò gbé e. Òṣùwọ̀n tí àwa tó wà nínú iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ ni káábọ́nù 100 sí náítírójìn 10 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1. Kì í ṣe òfin o, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo sí etíkun Alaska ní 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n dà sórí òkúta etíkun yẹn káàkiri, kí àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe.

Mo gbé díẹ̀ nínú ìgò kẹta lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan ní láàbù yunifásítì kan lórí mainland níbí. Ó fi í sórí pléètì tí wọ́n fi ń sin bakitéríà, oríṣiríṣi ló hù, àmọ́ àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń tàn yòò bí ewé tuntun nígbà tó tan iná UV sí wọn. Ìyẹn sọ fún wa pé ẹbí Pseudomonas ni. Nínú ẹbí yìí, ẹni méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ yàtọ̀ síra. Pseudomonas putida, ará ilẹ̀ àti omi, kì í sábà yọ ẹnikẹ́ni tí ara ẹ̀ le lẹ́nu. Pseudomonas aeruginosa, òun náà ń jẹ epo, àmọ́ ó máa ń wọ ojú egbò àti ara tí iná jó, ó sì máa ń ṣòro fún oògùn láti pa á. Ọ̀nà kan tó rọrùn láti yà wọ́n ni pé kí ẹ gbé pléètì sínú ooru 42 dígírì, aeruginosa á hù, putida ò ní hù. Tiwa ò hù. A mí kanlẹ̀. Síbẹ̀ mo ra ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò fún ọmọ yẹn, torí pé pléètì kan ò lè sọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilẹ̀ fún yín.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó ro catechol díẹ̀ sórí àwọn tó hù yẹn, kò pẹ́ rárá, díẹ̀ nínú wọn di yẹ́lò fòò bí inú ẹyin. Catechol yìí, ohun tí putida máa ń sọ toluene (kẹ́míkà kan tí káábọ́nù mẹ́fà nínú ẹ̀ so pọ̀ bí òrùka) àti àwọn ẹbí ẹ̀ dà ni, kó tó fi ọ́síjìn já òrùka káábọ́nù mẹ́fà yẹn. Tó bá ti lè já a, ó di yẹ́lò lójú yín. Mo béèrè pé kí ni ẹni tó mọ toluene jẹ ń wá nínú ilẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀rẹ́ mi ní kí n padà lọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń fọ róólà. Òótọ́ ni! Tínà ni. Tínà ni wọ́n fi ń nu yíǹkì kúrò lára ẹ̀rọ láti ọdún gbọọrọ, toluene sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ tínà, ẹ̀yìn ilé kan náà ni wọ́n ń da ìdọ̀tí ẹ̀ sí. Ilẹ̀ yẹn ti ń kọ́ àwọn kòkòrò yìí níṣẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì tó jò rárá.

Wọ́n tún máa ń kọ́ ara wọn. Ìwé tí ẹ̀kọ́ jíjẹ toluene wà nínú ẹ̀, lára òrùka DNA kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TOL ló wà, putida lè fà á lé aládùúgbò lọ́wọ́. Irú òrùka báyìí ni Ananda Chakrabarty, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní General Electric l'Amẹ́ríkà, kó jọ sínú Pseudomonas kan ṣoṣo kó lè máa jẹ oríṣiríṣi nǹkan inú epo rọ̀bì. Ó béèrè fún pátẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan, ní 1972, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn, wọ́n dá a láre ní 1980, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ kòkòrò yẹn, àmọ́ wọn ò dà á sójú òkun láti fi palẹ̀ epo mọ́ rí. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn oníbàárà tó bá ń bi mí pé èwo ni mo mú wá.

Ó yá, iṣẹ́. Ní April a gbẹ́ ilẹ̀ yẹn jáde, a fi báró kó o sórí tàpólì nínlá, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Lókè iyanrìn ni, nísàlẹ̀ a bá amọ̀, amọ̀ yẹn ló gbà wá torí epo ò lè gbà á kọjá kíákíá. A ra lẹ́búlẹ́bú pákó láti Òkò Bàbá, èyí tó ti gbó, a pò ó mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Putida ò lè ṣe é láìsí ọ́síjìn, òun ló fi ń mí, òun náà ló fi ń já òrùka yẹn. Lẹ́yìn náà ajílẹ̀ díẹ̀, omi díẹ̀, kí ilẹ̀ tutù bí èyí tí ẹ bá fún ní àtẹ́lẹwọ́ tí ò ní kán. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ọmọ yẹn á yí i padà. Kíláàkì kan wá fi yẹ̀yẹ́ pè é ní oníyán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Èmi ni mo wá bà á jẹ́. Bàbá ń pè mí lójoojúmọ́, ó nílò ibi tó máa gbé bébà sí, mo ronú pé tí ajílẹ̀ díẹ̀ bá ṣe rere, púpọ̀ á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi NPK kún un, mo tún fi yúríà lé e. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ẹ̀yìn ilé ń rùn bí ilé ìtọ̀, ojú ń ta àwọn òṣìṣẹ́, òórùn dísẹ́ẹ̀lì tó sì ti ń lọ dúró sójú kan. Ajílẹ̀ iyọ̀ ni. Tó bá pọ̀ jù, ó ń fa omi jáde lára kòkòrò, ammonia inú yúríà á tún máa pa wọ́n. Mo ti kà á nínú ìwé, mo mọ̀ ọ́n, mo ṣì ṣe é. A kó ilẹ̀ tí ò lájílẹ̀ wá pò mọ́ ọn, a jẹ́ kó sinmi, ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ká tó padà sí ibi tá a wà. Látìgbà yẹn, mi ò fi ajílẹ̀ sí nǹkan kan láìṣe pé mo kọ́kọ́ gbìyànjú ìdajì ẹ̀ nínú ìgò.

Òjò wá dé. Ẹ mọ òjò June l'Ékòó. Tàpólì tá a fi bo òkìtì yẹn ti lu níbi méjì, omi wọlé, ó dúró, kò rí ibi gbà. Ọjọ́ karùn-ún tí mo dé ibẹ̀, ọmọ yẹn ní kí n wá wò ó, ó ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, ilẹ̀ dúdú kirimú ló gbé jáde, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti tán nínú ẹ̀, àwọn tí kì í lo ọ́síjìn ló ti gba ilé, iṣẹ́ tiwọn lórí dísẹ́ẹ̀lì ò sì yára rárá. A fi igi gbé òkìtì yẹn dagun kí omi lè ṣàn, a ra tàpólì tuntun, a gbé e lé òpó bí àgọ́ òde ìnáwó, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òrùlé yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ báyìí l'Ékòó láàárín April sí July, kó ro owó òrùlé mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní August, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀, gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere, àfi igun kan. Igun yẹn, ilẹ̀ ẹ̀ ò rùn mọ́ púpọ̀, àmọ́ kò yí padà bí ìyókù, koríko ò hù níbẹ̀ rárá. Ọmọ yẹn tẹ nǹkan le mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ nù ún: lẹ́tà "k" kékeré, ó yí padà sẹ́yìn, òjé ni. Ó tún rí "ẹ" kan tí àmì ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì wà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn ti ìgbà tí òun ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà, kí kọ̀ǹpútà tó dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ́ àwọn tó ti gbó, èyí tó bá dànù á dànù. Ó mú "ẹ" yẹn sápò. Mo ní kó lọ fọwọ́, kó fọ̀ ọ́ dáadáa.

Níbẹ̀ ni mo ti ní láti sọ òótọ́ fún un. Kòkòrò lè já epo, kó sọ ọ́ di omi àti káábọ́nù dàóksáìdì, torí epo ṣeé já. Òjé ò ṣeé já. Òjé ni lánàá, òjé ni lónìí, kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè gbé e sípò mìíràn, kò lè jẹ ẹ́ tán. A ya ilẹ̀ igun yẹn sọ́tọ̀, a dì í sínú àpò, ẹni tó níwèé àṣẹ láti kó ìdọ̀tí olóró wá gbé e lọ, owó yẹn nìkan ju owó iṣẹ́ mi lọ. Èyí wà lọ́rùn mi, torí mo yẹ kí n ti bi bàbá ní March pé kí ni wọ́n ti ń ṣe nínú ọgbà yìí láti ọgbọ̀n ọdún. Dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni mo béèrè.

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, láàbù tá a gbé ilẹ̀ lọ ní epo inú ẹ̀ ju mílígírámù 5000 nínú kílò kan lọ, iye yẹn ni ìlànà EGASPIN ti ìjọba àpapọ̀ pè ní ìpele tí èèyàn ò gbọdọ̀ dákẹ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ epo ni wọ́n kọ ọ́ fún, àwa náà ń fi í díwọ̀n. Ní October ó ti wọnú ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Iye tí wọ́n fẹ́ gan-an ni 50, a ò dé ibẹ̀, mo sì sọ fún bàbá pé ìdá tó kù yẹn, èyí tó wúwo jù ni, á máa lọ díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀.

Kànga lọ́rọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀. A fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì fa epo tó léfòó, à ń fún un sínú kẹ́ẹ̀gì lójoojúmọ́ títí kò fi sí mọ́. Àmọ́ ohun tí a tẹ́ sórí tàpólì ò lè wo ohun tó wà nísàlẹ̀ sàn. Nígbà tí UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, yẹ ilẹ̀ Ògóni wò, tí wọ́n gbé ìròyìn jáde ní 2011, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn nìyẹn, pé wọ́n ń tọ́jú òkè ilẹ̀ nígbà tí epo ti jìn ju mítà márùn-ún lọ níbòmíràn. Torí náà mo ní kẹ́nikẹ́ni má fi omi yẹn sẹ́nu, ì báà mọ́ lójú. Àrà ni, màmá ẹlẹ́wà ò bá mi jiyàn. Ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀ruwà, ti kànga ló fi ń fọ ilẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń bu u lọ sí láàbù.

Lọ́jọ́ tá a da ilẹ̀ padà sínú ihò, ó dúró tì wá, ó mú ìgbakọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn kòkòrò yín ńkọ́, ibo ni wọ́n máa lọ báyìí?"

Mo ní, "Oúnjẹ ti ń tán, mà. Púpọ̀ nínú wọn á kú, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣẹ́kù."

Ó ronú díẹ̀. "Kí wọ́n ṣáà má yà sídìí ìkòkò ẹ̀wà mi o," ó sì lọ rò ó.